Adínà àti Ẹnu Màmá

Ẹni tó bá tún la ẹnu rẹ̀ pe ẹ̀gbọ́n mi ní Adínà, kó yáa wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Mi ò ní nà án. Àga ni màá fún un, màá sì ro ọ̀rọ̀ yìí fún un látòkèdélẹ̀, kò ní dìde títí màá fi parí. Ẹ bi àwọn ará ilé mi bóyá ìyà tó ju ìyẹn lọ wà.

Fóònù àti rédíò ni mò ń tún ṣe. Ẹnì kankan ò kọ́ mi. Mò ń tú u, mò ń tò ó padà, títí ó fi yé mi. Torí náà, tí àlàyé mi nípa iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n mi bá wọ́ níbì kan, ẹ fojú fò ó. Mo mọ ohun tí mò ń sọ.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń gé gíláàsì ojú. Díẹ̀ ló fi jù mí, a jọ ń jà dàgbà ni, ìdí nìyẹn tí n kì í fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀. Láti àárọ̀ di ọ̀sán, á gé gíláàsì, á fá etí rẹ̀, á gbé e sókè sí fèrèsé, á di ojú kan, á fi ìkejì wò ó. Bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, á dá a padà sórí ẹ̀rọ, kódà kí oníbàárà ti dúró sẹ́nu ọ̀nà. Iṣẹ́ tó ń jẹ nínú rẹ̀ nìyẹn. Èyí tí kì í jẹ nínú rẹ̀, tó wá ń ṣe é bí ẹni pé torí rẹ̀ ni wọ́n ṣe bí i, ni ti Línúọ̀sì.

Línúọ̀sì, fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, ni ohun tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà jí kó sì máa gbọ́ràn. Ọ̀fẹ́ ni, kò sì sí ẹnì kan tó ni ín. Oríṣiríṣi ẹgbẹ́ ló ń tò ó jọ, kálukú ní bó ṣe ń to tirẹ̀. Ẹgbẹ́ tí ẹ̀gbọ́n mi wà nínú rẹ̀, àwọn èèyàn tí kò fojú kan ara wọn rí ni wọ́n, kálukú sì mú apá kan. Apá tirẹ̀ ni Jáfà, èdè kan tí wọ́n fi ń kọ prógíráàmù. Tí ẹnì kan bá fi Jáfà kọ nǹkan tó wúlò, ẹ̀gbọ́n mi á gbà á, á dì í, á gbé e síbi tí ẹnikẹ́ni tó ń lo Línúọ̀sì wọn á kàn tẹ nǹkan kan, á sì bọ́ sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀.

Ẹ gbọ́ "á dì í", ẹ rò pé bíi ká di búrẹ́dì sínú ọ̀rá ni. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀. Àṣé àwọn oní-Jáfà kì í dá nǹkan ṣe. Ẹni tó kọ prógíráàmù á yá iṣẹ́ ẹlòmíì lò, láíbírì ni wọ́n ń pe ìyẹn. Láíbírì yẹn á tún gbára lé òmíì, òmíì náà á tún ní tirẹ̀ lẹ́yìn. Wọ́n á wá kó wọn sínú fáìlì tí wọ́n ń pè ní jáà, ohun tí wọ́n ti sè jinná tí wọ́n sì lẹ ẹnu rẹ̀ pa, o ò lè mọ ohun tó wà nínú ọbẹ̀. Òfin ẹgbẹ́ wọn ni pé jáà àjèjì ò gbọdọ̀ wọlé. Kóòdù, ìyẹn ohun tí èèyàn fọwọ́ kọ tí ojú lè kà, ni kí o gbé wá, a máa sè é fúnra wa di ohun tí kọ̀ǹpútà lè lò. Bí prógíráàmù tuntun bá ti dé ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi, ohun àkọ́kọ́ tó máa ṣe ni pé á ṣa gbogbo jáà inú rẹ̀ jáde, á pa wọ́n rẹ́. Ẹ̀yìn ìyẹn ló máa tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá kóòdù wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń wá òbí ọmọ tó sọnù.

Ọkọ rẹ̀, awakọ̀ ọ̀nà jíjìn, máa ń sọ pé ìyàwó lòun fẹ́, wọ́n bá fi kọ̀ǹpútà ṣe èènì fún òun. "Nígbà tó yá," á ní, "èènì gba ipò ọjà."

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá kan gbogbo wa ni ti Màmá.

Màmá wa ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ tẹlifóònù nígbà tó jẹ́ pé èèyàn ló ń fọwọ́ so láìnì pọ̀. Àwọn èèyàn mọ ohùn wọn kí wọ́n tó mọ ojú wọn. "Ẹ dúró, mò ń so yín pọ̀." Tí àsìkò ẹni tó ń pè bá sì tán, ohùn kan náà ni, kò ní lọ sókè, kò ní lọ sílẹ̀: "Àkókò yín ti pé. Mò ń gé e." Màmá gbé e wálé. Tí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi bá ń jà, Màmá ò ní pariwo, wọn ò tiẹ̀ ní dìde. Láti ibi tí wọ́n bá wà la ó ti gbọ́ ọ, "Àkókò yín ti pé. Mò ń gé e," ìjà parí nìyẹn. Èmi tí ọ̀rọ̀ kì í tán lẹ́nu mi, mo gbọ́ gbólóhùn yẹn ju orúkọ mi lọ.

Àrùn rọpárọsẹ̀ ló gba ohùn yẹn. Màmá ń gbọ́ gbogbo ohun tí à ń sọ, wọ́n ń rẹ́rìn-ín níbi tó yẹ kí wọ́n rẹ́rìn-ín, àmọ́ ọ̀rọ̀ ò jáde. Ẹ̀gbọ́n mi ló wá prógíráàmù kan rí. Àwòrán kéékèèké ló kún ojú sìkírìnì, omi, ibùsùn, fèrèsé, ibi tó ń dùn mí, àti àyè tí èèyàn lè tẹ ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sí. Màmá á fìka tẹ àwòrán, kọ̀ǹpútà á sọ ọ́ jáde ní ohùn àgbà obìnrin tó balẹ̀ dáadáa. Ẹnu Màmá la sọ ọ́ nínú ilé. Inú kọ̀ǹpútà kékeré kan tí kò ju páálí ọṣẹ lọ ló wà, ẹ̀gbọ́n mi so ó mọ́ apá àga Màmá.

Ẹgbẹ́ ẹ̀gbọ́n mi wá fẹ́ gbé ẹ̀dà Línúọ̀sì tuntun jáde. Jáfà inú rẹ̀, tuntun ni, Ẹnu Màmá àtijọ́ ò sì lè ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ Màmá ńkọ́? Láìpẹ́, wọn ò ní tún un ṣe mọ́, bó bá bàjẹ́, ó bàjẹ́ nìyẹn. Ọkùnrin tó kọ prógíráàmù náà ti ṣe tuntun, ìyẹn ni ẹ̀gbọ́n mi sì gbọ́dọ̀ dì kí ọjọ́ tí ẹgbẹ́ máa ti ilẹ̀kùn tó pé. Ohun tí kò bá wọlé lọ́jọ́ náà ò sí nínú ẹ̀dà yẹn mọ́. Ká kúkú sọ ọ́ bó ṣe rí: bí kò bá wọlé, Màmá tún yadi lẹ́ẹ̀kejì nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n mi ṣí prógíráàmù tuntun náà, ó bá jáà kan nínú rẹ̀ tí kóòdù rẹ̀ ò sí níbì kankan. Iṣẹ́ jáà náà ni pé kó gbé ohùn lọ bá sípíkà. Ẹni tó ṣe é ti pa ìkànnì rẹ̀ tì, kò sẹ́ni tó mọ ibi tó wọlẹ̀ sí. Ẹ̀gbọ́n mi wá kọ̀wé sí ọkùnrin tó kọ prógíráàmù, tó yá jáà yẹn lò, ojútáyé ni, níbi tí gbogbo èèyàn ti ń kà á. Ọ̀gá Kíákíá ni mo sọ ọkùnrin yẹn, torí kò sí ìgbà tí kì í kánjú. Ó fèsì pé jáà náà ń ṣiṣẹ́, kí wọ́n gbé e wọlé bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní òfin ò gbà. Ọkùnrin náà bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé, "Àwọn tí kò lè sọ̀rọ̀ ń dúró, ẹ̀yin ń béèrè kóòdù. Adínà ni yín."

Ó di orúkọ. Adínà ti dé, Adínà ti sọ̀rọ̀. Aláìníṣẹ́ kan tiẹ̀ ya àwòrán obìnrin tó jókòó sẹ́nu géètì, ó ń jẹ ẹ̀pà. Orí mi gbóná. Ẹni tí wọ́n ń sọ fún pé kò mọ ìyà aláìlèsọ̀rọ̀, ìyá rẹ̀ ló jókòó síbẹ̀ yẹn.

"Sọ fún wọn," mo ní. "Sọ pé torí Màmá lo ṣe ń dà á láàmú."

"Kí wọ́n lè káàánú mi? Òfin ò ní tìtorí Màmá yí padà."

"Ó dáa. Ká kúkú lọ gba ti Ọ̀gá Kíákíá lórí ìkànnì rẹ̀ fún Màmá. Ó ti dì í tán, ti jáà ti jáà."

"Lọ gbà á."

Mo gbà á. Mo gbé e sórí kọ̀ǹpútà kékeré, mo tẹ omi. Àwòrán omi tàn yòò. Ohùn ò jáde. Mo tún tẹ̀ ẹ́. Màmá gbé ojú sókè wò mí bí wọ́n ṣe máa ń wò mí tí mo bá ba rédíò wọn jẹ́ nígbà tí mo kéré.

Ẹ̀gbọ́n mi ò tiẹ̀ yíjú. "Àwọn kọ̀ǹpútà ńlá nìkan ni wọ́n se jáà yẹn fún," ó ní. "Kékeré yìí ò lè jẹ ẹ́. Ká ní kóòdù rẹ̀ wà lọ́wọ́ wa ni, à bá tún un sè fún un."

"O mọ̀, o wá jẹ́ kí n máa dá ara mi lóró."

"Ṣé o máa ń gbọ́ tí mo bá sọ?"

Ó wá jókòó ti prógíráàmù náà lórí tábìlì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, eruku gíláàsì ṣì wà lápá aṣọ rẹ̀. Ó kà á títí ó fi rí i pé gbogbo ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ gbé jáà yẹn wọlé, Jáfà fúnra rẹ̀ mọ̀ ọ́n ṣe. Ó yọ jáà kúrò, ó kọ ibẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ó wá gbé e lọ sí ohun tí wọ́n ń pè ní yàrá òfìfo. Kì í ṣe yàrá tí èèyàn ń wọ̀. Kọ̀rọ̀ kan nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀ ni, kò sí íńtánẹ́ẹ̀tì níbẹ̀, kò sí nǹkan kan àfi ohun tí o bá sọ pé prógíráàmù rẹ nílò. Bí o bá gbàgbé láíbírì kan, yàrá òfìfo á tú ọ láṣìírí. Nǹkan tó bá yege níbẹ̀, inú ẹ̀gbọ́n mi ti balẹ̀ sí i. Eléyìí yege. Gbogbo àyẹ̀wò tó wà nínú rẹ̀ yege. Ó fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́, ọjọ́ kan ṣáájú kí ilẹ̀kùn tó tì, ó wá gbé e fún Màmá.

Màmá tẹ fèrèsé.

Ohùn tó jáde, ẹ gbà mí gbọ́, ó dà bíi ti ọmọdé tí ìtọ̀ ń gbọ̀n, tó sì ń sáré sọ̀rọ̀ kó lè rí ibi lọ. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi dì mọ́ ilẹ̀kùn. Màmá ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n tún tẹ̀ ẹ́, ọmọdé yẹn tún sọ̀rọ̀. Màmá wá fi ọwọ́ tó ń ṣiṣẹ́ fa ìborùn wọn, wọ́n fi bo sìkírìnì náà, wọ́n yíjú sí ògiri. Ìgbà yẹn ni ẹ̀rín tán lẹ́nu mi.

Ẹ̀gbọ́n mi dúró, ó ń wo ìborùn yẹn. "Yàrá òfìfo ò ní sípíkà," ó ní, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Kò sí etí níbẹ̀." Fúnra rẹ̀ ló méfò bí ohùn á ṣe máa yára tó, tó kọ ọ́ síbẹ̀, ohùn àgbà obìnrin yẹn ò sì yára tó bẹ́ẹ̀.

"Ó kúkú ń sọ̀rọ̀," mo ní. "O ti fi í ránṣẹ́. Fi í sílẹ̀, ká tún un ṣe tó bá yá."

"Ta ló ń sọ̀rọ̀? Ìyẹn kì í ṣe Màmá."

Ó wá ṣe ohun tí èmi ò lè ṣe láyé mi. Ó kọ̀wé sí ojútáyé kan náà pé kí wọ́n má gba èyí tí òun fi ránṣẹ́, òun ló ṣàṣìṣe, òun ń tún un ṣe. Ẹ lè fọkàn rò ó bí wọ́n ṣe yọ̀. Wọ́n ní Adínà ti wá dínà mọ́ ara rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì ó tọrọ àyè níbi iṣẹ́. Ó tún ibẹ̀ kọ, pé kí prógíráàmù máa bi ohùn fúnra rẹ̀ pé báwo ló ṣe ń yára tó, dípò kí ẹnikẹ́ni máa méfò. Ó gbé e gba yàrá òfìfo kọjá. Àmọ́ kò tíì fi ránṣẹ́ síbì kankan. Ó kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga, ó rọra ká ìborùn kúrò.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré."

Màmá kọ́kọ́ ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Nígbà tó yá, wọ́n na ìka.

"Fèrèsé," àgbà obìnrin yẹn wí, bó ṣe ń wí tẹ́lẹ̀.

Màmá tẹ omi. Wọ́n tẹ ibùsùn. Wọ́n tẹ ẹ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀, èmi sì ń ṣí fèrèsé, mò ń bu omi, mò ń tẹ́ ibùsùn bí ọmọ ọ̀dọ̀, ìgbà tó yá ló tó yé mi pé wọ́n kàn ń gbọ́ ohùn wọn ni. Ẹ̀gbọ́n mi dìde, ó fi í ránṣẹ́. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n gbà á wọlé, wọ́n ti ilẹ̀kùn.

Ó yẹ kí n dákẹ́ síbẹ̀, àmọ́ ibi tó ń dùn mí gan-an nìyí. Ọ̀gá Kíákíá gba ohun tí ẹ̀gbọ́n mi kọ, ó fi sínú prógíráàmù rẹ̀, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ yọ jáà burúkú yẹn dànù. Ó dáa, mo gbà, ìyẹn dáa. Kí ló wá kọ sí ìkànnì? "Adínà ti ṣí ọ̀nà." Ó tán. Kò kí i, kò bẹ̀ ẹ́.

Mo jókòó ti Màmá, mo yọ fóònù, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ èsì, mò ń kà á sókè bí mo ṣe ń kọ ọ́.

"Fi í sílẹ̀," ẹ̀gbọ́n mi ní. "Ó ti wọlé. Kí lo tún fẹ́?"

"Mo fẹ́ kó mọ irú ẹni tó bú. Mo fẹ́ kó mọ̀ pé ìyá tó bí wa..."

Mi ò gbọ́ tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ ń dà lẹ́nu mi, ó ń wọ inú fóònù. Mo rí i tí Màmá ń fi ìka kan ṣa lẹ́tà sí àyè tó ṣófo lójú sìkírìnì, mo rò pé omi ni wọ́n ń fẹ́, mo ní kí wọ́n fún mi láyè díẹ̀ kí n parí.

"Àkókò yín ti pé," ohùn àgbà obìnrin náà wí, kò lọ sókè, kò lọ sílẹ̀. "Mò ń gé e."

Ẹ̀gbọ́n mi yára gbé gíláàsì kan sókè sí fèrèsé, bí ẹni ń wo iṣẹ́, àmọ́ ojú méjèèjì ló dì. Mo pa ohun tí mo kọ rẹ́, mo gbé fóònù kalẹ̀. Ta ló bá ohùn yẹn jiyàn rí?