Ṣé A Lè Gbé E?

Bí èèyàn bá gbé nǹkan tuntun wọ ilé wa ní àdúgbò Sakasaka ní Tamale, ní Ghana, bàbá mi kì í béèrè ibi tó ti rà á. Ohun tó máa ń béèrè ni pé, "Ṣé a lè gbé e?" Ìyá mi ra kọ́bọ́ọ̀dù onígi ńlá kan nígbà tí mo wà ní kékeré. Bàbá mi ò bínú, kò pariwo. Ó lọ dúró ti kọ́bọ́ọ̀dù náà, ó fọwọ́ méjèèjì dì í mú, ó gbé e títí, kò mì. Ó bá wo ìyá mi lójú. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, kọ́bọ́ọ̀dù ti dé ilé aládùúgbò wa, ìyá mi ò sì bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko.

Kì í ṣe pé orí rẹ̀ dàrú o. Ọmọ ọdún méje ni nígbà tí ìjọba ayé ìgbà yẹn ní kí àwọn àlejò tí kò níwèé kó ẹrù wọn kúrò ní Ghana. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ni wọ́n fún wọn. Bàbá àgbà wa, tó ń ta aṣọ ní Tamale láti ìgbà tí irun ò tíì hù lágbọ̀n rẹ̀, kó ìyàwó àti ọmọ sínú lọ́rì, wọ́n forí lé Ògbómọ̀ṣọ́. Ohun tó ṣeé gbé ni wọ́n gbé. Wọ́n fi ìyókù sílẹ̀, bàbá mi kì í sì í sọ ohun tí ìyókù yẹn jẹ́. Nígbà tó di géńdé, ó padà wá, ṣùgbọ́n padà tó padà, ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀. Ọgbọ̀n ọdún la ti ń gbé ilé onílé. Ìyá mi bẹ̀ ẹ́ títí kó ra ilẹ̀ ní Jisonayili nígbà tí ibẹ̀ ṣì jẹ́ oko àgbàdo. Ó ní, "Ta ló máa bá mi gbé ilẹ̀ sórí lọ́rì?" Ẹ̀yà ara alùpùpù ló ń tà lọ́jà àárín ìlú, torí pé bí ìlú bá dàrú láàárọ̀, ó lè kó gbogbo ìsọ̀ sínú àpò mẹ́ta kó tó di ọ̀sán.

Iṣẹ́ tí àwa ọmọ máa ṣe, ojú yẹn náà ló fi wò ó. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin kọ́ iṣẹ́ iná mànàmáná. Èmi tí mo mọ̀wé, nọ́ọ̀sì. "Ibi gbogbo ni wọ́n ti ń ṣàìsàn," ohun tó wí nìyẹn, ọ̀rọ̀ parí. Ẹnikẹ́ni ò bi mí pé kí ni mo fẹ́, èmi náà ò sì bi ara mi. Mo wọ yunifásítì nílùú wa níbí, mo ń ka egungun, mo ń ka ẹ̀jẹ̀, mo ń yege.

Ọdún kẹta ni àṣírí mi tú. Wọ́n kó wa lọ sílé ìwòsàn láti lọ kọ́ iṣẹ́ lójú iṣẹ́. Ìyá arúgbó kan wà lórí bẹ́ẹ̀dì létí fèrèsé, Dagbani, èdè àwọn Dagomba tó nílùú, nìkan ló ń sọ. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tó wá láti gúúsù ò gbọ́ nǹkan kan níbẹ̀, wọ́n bá ní kí èmi tí mo ti ń fi Dagbani bá àwọn ọmọ àdúgbò jà láti kékeré jókòó tì í. Ìyá náà ń ṣàlàyé bí inú ṣe ń run ún. Ó lo ọ̀rọ̀ kan tí mi ò gbọ́ rí, ọ̀rọ̀ àwọn àgbà. Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Mo ní kí ló yàtọ̀ láàárín ìyẹn àti èyí tí àwa ń lò. Ó ń ṣàlàyé, òógùn ń ṣàn lójú rẹ̀, èmi ń kọ ọ́ sínú ìwé kékeré tó wà lápò mi, inú mi ń dùn. Inú mi ń dùn o, Ọlọ́run gbọ́! Àfi bí nọ́ọ̀sì àgbà ṣe yọ lẹ́yìn mi, tó gbá ìwé náà bọ́ lọ́wọ́ mi. "Obìnrin yìí ń kú lọ, ìwọ ń kọ̀wé!"

Wọ́n sáré tì í lọ sí yàrá iṣẹ́ abẹ. Kò kú, mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n mo lọ ti ara mi mọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu ìyá yẹn ni mo gbọ́, mi ò gbọ́ ìrora rẹ̀. Irú nọ́ọ̀sì wo nìyẹn?

Nọ́ọ̀sì àgbà fẹjọ́ mi sùn, ni yunifásítì bá ní kí n lọ rí obìnrin tó ń gba àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nímọ̀ràn nípa iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ ṣe láyé. Ó fún mi ní fọ́ọ̀mù kan. Wọ́n béèrè ohun tí mo máa ń ṣe tí mi ò fi ní mọ̀ pé ilẹ̀ ti ṣú. Mo fò ó. Wọ́n béèrè pé lọ́dún mẹ́wàá sí i, níbo ni mo rí ara mi? Ìyẹn ò tilẹ̀ gba ìrònú. Mo kọ ọ́ wàràwàrà: ibi tí wọ́n bá gbà wá sí.

Obìnrin náà kà á, ó tún un kà. Ó ní, "Àwọn wo ló máa gbà yín?" Mo na ọwọ́ sí báàgì mi. Ó ní, "Ìwọ nìkan ni mo bi." Inú bí mi sí i burúkú. Kí ló kàn án? Ṣé bàbá tiẹ̀ ni wọ́n kó sínú lọ́rì? Mo dìde, mo gbé báàgì mi. Kò bá mi jà. Ó fa fọ́ọ̀mù mìíràn tí wọn ò kọ nǹkan sí jáde, ó ní kí n máa mú un lọ, ìgbà tí mo bá rí ìdáhùn ni kí n dá a padà.

Mo gbé fọ́ọ̀mù yẹn kiri bí ẹni gbé ẹyin. Nígbà tó yá, ẹsẹ̀ mi gbé mi lọ sí ẹ̀yìn kíláàsì àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ Dagbani. Wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní ẹ wo ọmọ Yorùbá tó fẹ́ wá kọ́ Dagomba ní èdè ìyá rẹ̀. Mo dá wọn lóhùn ní Dagbani, àwọn fúnra wọn rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi sún fún mi lórí bẹ́ǹṣì. Olùkọ́ wọn, bàbá àgbàlagbà kan tí ojú rẹ̀ máa ń le, yá ìwé kékeré mi wò. Nígbà tó dá a padà, ó ti fi pẹ́ńsùlù kọ ìbéèrè sí etí gbogbo ojú ìwé: ta ló sọ èyí, ní abúlé wo? Mi ò jẹun ọ̀sán lọ́jọ́ náà, ebi ò sì pa mí. Mo lọ gba ìwé tí wọ́n fi ń yí ẹ̀kọ́ padà. Bàbá mi gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kó tó di ọjọ́ Ajé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, nọ́ọ̀sì ni títí ayé.

Ọjọ́bọ̀ ni mo bá a nísọ̀. Ó ń to búréèkì alùpùpù sórí pátákó.

"Bàbá, mo fẹ́ fi nọ́ọ̀sì sílẹ̀."

Kò gbójú sókè. "Kí lo wá fẹ́ ṣe?"

"Mo fẹ́ máa kọ́ àwọn ọmọ ní Dagbani."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó rò pé mò ń ṣeré ni. Ìgbà tó wojú mi, ẹ̀rín náà kú lẹ́nu rẹ̀. "Ta lo máa kọ́ ní Dagbani ní Ògbómọ̀ṣọ́?"

"Mi ò lọ Ògbómọ̀ṣọ́, bàbá."

"Ta ló bi ọ́ bóyá o fẹ́ lọ? Ṣé wọ́n bi bàbá mi?"

Ẹnu mi yìí, ẹnu mi tí kò ní búréèkì! Mo ní, "Ẹ̀rù ló ń bà yín, bàbá. Láti kékeré lẹ ti ń fi dẹ́rù bà wá. Tiyín ni, kì í ṣe tèmi!" Àwọn oníbàárà yíjú sí wa. Bàbá mi gbé búréèkì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kalẹ̀ jẹ́ẹ́, ó ní kí n máa lọ sílé. Mo sunkún láti ọjà dé Sakasaka, ojú ń tì mí, inú sì tún ń bí mi.

Lọ́jọ́ kejì, ọjọ́ Jímọ̀, ó fóònù mi, ó ní kí n mú ìwé mi wá pàdé òun níwájú mọ́ṣáláṣí lẹ́yìn ìrun. Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, bàbá mi máa ń pẹ́ kó tó délé, tùwó rẹ̀ á ti tutù. Àwa rò pé ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ń jókòó sí. A rìn díẹ̀, a yà sí ilé kan tí mo ti ń gba iwájú rẹ̀ kọjá láti ìgbà tí mo ti mọ ìrìn. Obìnrin àgbàlagbà kan jáde, ó kí wa kú ọ̀sán ní Dagbani, ó ní, "Antire." Bàbá mi dáhùn, "Naa." Obìnrin náà gbé àpótí ìjókòó fún un, ó bu omi fún un, ó béèrè àwa ọmọ. Wọ́n kí ara wọn títí, ó sì wọlé padà.

Bàbá mi ní, "Ilé bàbá mi nìyí."

Mo yíjú wo ẹnu ọ̀nà tí obìnrin náà gbà wọlé.

Ó ní, "Agolo wàrà ni mo fi ń pọn omi tí wọ́n fi po sìmẹ́ǹtì ògiri yìí. Ọdún mọ́kànlá ni wọ́n fi kọ́ ọ. Nígbà tí a ń lọ, wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ síkàáwọ́ bàbá obìnrin yìí, pé kó bá wa ṣọ́ ọ. Ó ṣọ́ ọ títí ó fi di tirẹ̀."

"Ṣé obìnrin náà mọ̀?"

"Ó mọ̀. Àwa méjèèjì la jọ ń ṣeré lábẹ́ igi yẹn. Kí ló fẹ́ sọ? Kí lèmi fẹ́ sọ?" Ó mu omi tó kù nínú ife. "Ní Ògbómọ̀ṣọ́, nígbà tí ẹ̀mí bàbá mi ń bọ́, ilé yìí ló ń pè. Kò pe èmi."

Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, bàbá mi ń lọ ṣe àlejò nílé bàbá rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ nísọ̀ padà wá sí mi létí, ó dùn mí dé egungun. Mo fẹ́ tọrọ àforíjì, kò jẹ́ kí n sọ ọ́. Ó na ọwọ́, ó gba ìwé mi, ó gbé e lé orúnkún, ó fọwọ́ sí i. Ó wá fa ìwé mìíràn yọ lápò agbádá. Fọ́ọ̀mù ìwé ìrìnnà Nàìjíríà ni, ó ti kọ orúkọ mi sí i. Èmi tí mi ò dé Nàìjíríà rí.

Ó ní, "Mo ti fọwọ́ sí tìẹ. Fọwọ́ sí tèmi."

Mo fẹ́ bá a jiyàn. Mo wo ògiri ilé náà. Mo fọwọ́ sí i.

Mo bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ olùkọ́ Dagbani láti ìsàlẹ̀, pẹ̀lú àwọn tí mo fi ọdún méjì jù lọ. Mo dá fọ́ọ̀mù yẹn padà fún obìnrin olùdámọ̀ràn, mo kọ Tamale sí àyè tí wọ́n ti béèrè ibi tí mo máa wà. Inú rẹ̀ dùn. Mi ò sọ fún un pé ìwé ìrìnnà mi ti jáde, pé ó wà nísàlẹ̀ báàgì tí mo gbé kọ́ èjìká níwájú rẹ̀.

Níparí ọdún, bàbá olùkọ́ wa tó máa ń le ojú pè mí. Ó ń fẹ̀yìn tì. Ó na ọwọ́ sí páálí ńlá kan nílẹ̀ ọ́fíìsì rẹ̀, gbogbo ìwé Dagbani tó ti ń kó jọ láti ìgbà èwe rẹ̀, àwọn míì wà níbẹ̀ tí kò sí níbòmíràn mọ́. Ó ní èmi ni òun fẹ́ fún. Ó yẹ kí n kúnlẹ̀, ó yẹ kí n dúpẹ́. Kàkà bẹ́ẹ̀, mo ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo ti fọwọ́ méjèèjì di páálí náà mú, mò ń gbé e. Kò mì.

Bàbá olùkọ́ ní, "Fi sílẹ̀, ọmọ mi, wọ́n á bá ọ fi ọkọ̀ gbé e wá sílé. Kí lo wá ń dààmú ara rẹ fún?"

Omi ti kún ojú mi, mi ò sì ṣíwọ́. Mo ní, "Mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá mo lè gbé e ni, bàbá."