Agbádá Ìsìnkú Tí Mo Dì Lọ Bá Alààyè ní Agége

Ìdájí ni mo kúrò nílé ní Ògbómọ̀ṣọ́, ojú mi ti wú fún ẹkún. Ẹ̀gbọ́n mi, Búọ̀dá Ràímì tó ń ṣe búrẹ́dì ní Agége, ni mò ń lọ bá. Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Sàídì, ló pè mí lórí fóònù nírọ̀lẹ́ àná: "Ọkọ mi, ẹ máa bọ̀ l'Ékòó. Ara ẹ̀gbọ́n yín ò yá díẹ̀. Kò le o, ẹ ṣáà máa bọ̀."

Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́! Ta ni wọ́n ń sọ bẹ́ẹ̀ fún nílẹ̀ wa tó débẹ̀ tó bá èèyàn láàyè? Mo di agbádá funfun sínú báàgì. Màmá wa bi mí pé níbo ni mò ń lọ, mo ní mo fẹ́ lọ ra pákó, nítorí iṣẹ́ káfíńtà ni mò ń ṣe. Wọ́n kàn tẹjú mọ́ báàgì mi.

Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà ni owó ọkọ̀ tí wọ́n gbà ní gáréèjì nígbà náà. Ọ̀nà Ọ̀yọ́ dáa díẹ̀, ṣùgbọ́n láti Ìbàdàn síwájú, ihò tó wà lójú títì, ewúrẹ́ lè sùn nínú rẹ̀. Àwa mùsùlùmí kì í jẹ́ kí òkú pẹ́ nílẹ̀, ọkàn mi ṣáà ń sọ pé wọ́n á ti sin ín kí n tó dé. Mo sọ̀kalẹ̀ ní Bẹ́gà l'Ékòó, mo wọ mọ́tò tó ń gba Ògbà lọ sí Agége. Kọ̀ndọ́, ẹni tó ń gba owó ọkọ̀, ń pariwo, "Ẹ wọlé pẹ̀lú ṣéńjì yín o!" Mo ní, "Òkú ni mò ń lọ sin, níbo ni n ó ti rí ṣéńjì?" Ó ní, "Bàbá, ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ jókòó, ẹ fowó yín sápò." Wọ́n á ní Èkó ò láàánú!

Nígbà tí mo dé Agége, òórùn búrẹ́dì gba gbogbo àdúgbò. Búrẹ́dì tiwa nílé fúyẹ́. Tiwọn ki, ó sì wúwo lọ́wọ́. Bí mo ṣe rí Ìyá Sàídì lẹ́nu ọ̀nà ni mo bú sẹ́kún. "Níbo lẹ tẹ́ wọn sí?"

"A tẹ́ ta? Wọ́n wà ní ọsibítù ní Ìlúpéjú, wọ́n ń jẹ ẹ̀kọ!"

"Ìyá Sàídì, ṣé ẹ fẹ́ pa mí ni?"

"Ọkọ mi, ẹ má bínú. Ṣé orí fóònù ni n ó ti sọ pé ẹnu ẹ̀gbọ́n yín wọ́, pé ọwọ́ wọn rọ? Kí ayé lè gbọ́?"

Nígbà tá a dé ọsibítù, Búọ̀dá Ràímì jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹnu rẹ̀ ṣì yẹ̀ díẹ̀, àmọ́ ó gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè kí mi. Ó ní, "O ti sanra jù." Inú mi dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá a létí.

Dókítà obìnrin kan, tí kò ju ọmọ mi lọ, ló là á yé mi. "Rọpárọsẹ̀ ni, bàbá. Ẹ̀jẹ̀ dídì ló dí iṣan tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà lọ sí ọpọlọ. Kékeré ni, ara wọn fúnra rẹ̀ ló yọ́ ọ."

"Bó bá jẹ́ pé ńlá ni ńkọ́?"

"Abẹ́rẹ́ kan wà tó ń yọ́ ọ, bí aláìsàn bá tètè dé. Lókè òkun, wọ́n tún ń ti wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ gba inú iṣan itan lọ títí dé orí. Ẹnu wáyà náà lọ́ bíi síkúrù, á gbá ẹ̀jẹ̀ dídì náà mú, wọ́n á fà á jáde. Àwọn mìíràn ń lo rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ láti fi fà á mu."

"Bí ẹni ń fi sítírọ́ọ̀ mu mínírà?"

"Bẹ́ẹ̀ gan-an, bàbá."

"Èwo ló wá dáa jù?"

"Wọ́n ṣì ń fi wọ́n wéra. Wáyà lè já ẹ̀jẹ̀ náà sí wẹ́wẹ́, kí èérún rẹ̀ lọ dí ibòmíràn. Rọ́bà lè gbé e lódindi, àmọ́ bó bá lẹ̀ pinpin, ó lè má gbé e rárá."

"Èwo lẹ ní níbí?"

"A ò tíì ní ìkankan nínú méjèèjì. Kí ẹ tètè gbé aláìsàn wá ni tiwa. Ẹni tó bá ń fi àìsàn yìí pa mọ́ fáráyé, ara aláìsàn ló ń bà jẹ́." Ìyá Sàídì wolẹ̀. Dókítà fún wa lóògùn tí kò ní jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tún dì, ó ní kí ẹ̀gbọ́n mi dín iyọ̀ kù.

Nígbà tí mò ń padà bọ̀ wálé, mò ń rẹ́rìn-ín nínú ọkọ̀ bí ọlọ́tí. Mo pinnu pé bí ẹnikẹ́ni bá ń ṣàìsàn nílé mi, gbangba ni n ó sọ ọ́, kí ayé gbọ́, kí ayé sì gbé e lọ sí ọsibítù.

Mo bá Màmá lẹ́nu ọ̀nà. Ìyàwó mi ní wọn ò fẹnu kan oúnjẹ láti ìgbà tí mo ti lọ. Mo ní, "Màmá, ara Búọ̀dá Ràímì kò yá ni. Ó ti ń gbádùn báyìí."

Wọ́n ní, "Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n wí fún mi nígbà tí bàbá yín kú. Bó bá wà láàyè, kí n gbọ́ ohùn rẹ̀."

Mo tẹ fóònù, mo gbé e sí wọn létí. Wọ́n fi oríkì pè é: "Àkànní?"

"Ẹ̀ẹ̀n, ìyá mi. Èmi ni." Ohùn náà wúwo díẹ̀, ṣùgbọ́n tirẹ̀ ni.

"Kí lo jẹ lónìí?"

"Ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín ni, ìyá mi."

Wọ́n dá fóònù padà fún mi, wọ́n kọjú sí ìyàwó mi. "Bu oúnjẹ fún mi," ni wọ́n wí, "ebi ń pa mí."