Àwọn Arábìnrin Tó La Ojú Ìyá Alásè

Ọdún mọ́kàndínlógún ni Ìyá Alásè ti ń dáná fún àwọn ọmọbìnrin ẹgbẹ́ kan tó ń gbé ilé alájà mẹ́ta létí yunifásítì. Arábìnrin ni wọ́n máa ń pe ara wọn, bẹ́ẹ̀ ìyá wọn kì í ṣe ọ̀kan, bàbá wọn kì í ṣe ọ̀kan. Ìyá Alásè a máa fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Bí ẹni tuntun bá fẹ́ wọ ẹgbẹ́, wọn a fún un ní ẹyin tútù kan pé kó máa gbé e kiri fún ọjọ́ méje, kó má fọ́. Ẹni náà a gbé e lọ sí kíláàsì, a gbé e lọ sí balùwẹ̀.

"Ẹyin téèyàn ì bá dín jẹ," ni ìyá máa ń wí.

Nígbà tó yá, ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Opó ni, kò bímọ, iṣẹ́ yìí nìkan ló gbójú lé. Ó ń fọwọ́ wá ọ̀bẹ, ó ń fetí mọ ìgbà tí omi hó. Àfi àárọ̀ ọjọ́ kan tó da iyọ̀ sínú tíì dípò ṣúgà. Ọmọbìnrin méjìlélógún ló wà nídìí tábìlì. Gbogbo wọn mu tíì náà tán, ẹnì kan ò fajú ro.

Olórí wọn ló tọ̀ ọ́ wá nílé ìdáná.

"Mààmá, ìka mélòó ni mo nà yìí?"

"Ṣé o nàka ni?"

Ọmọ náà fa àpótí kan, ó jókòó, ó ń bá a ṣa ẹ̀wà.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni àwọn ọmọbìnrin náà kọ lẹ́tà nípa ojú ìyá sí gbogbo ẹni tó ti gbé ilé náà rí. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, dókítà ojú kan tó ti hewú sọ̀ kalẹ̀ nínú takisí. Ọkọ̀ òfuurufú méjì ló wọ̀ kó tó débẹ̀. Ilé ìdáná ló gbà lọ tààrà, ó kúnlẹ̀ kí ìyá.

"Ẹ jọ̀ọ́, ta ni yín?"

"Ẹ ò mọ̀ mí, mà. Mo ti kúrò níbí kẹ́ ẹ tó dé. Arábìnrin àwọn ọmọ yìí ni mí."

Ìyá fọwọ́ wá èjìká rẹ̀, ó gbé e dìde.

Ilé ìwòsàn tó wà ládùúgbò ni dókítà ti yọ ohun funfun tó bo ẹyinjú ìyá. Nígbà tí wọ́n tú báńdéèjì, àwọn ọmọbìnrin tò yí bẹ́ẹ̀dì ká. Ohùn ọ̀pọ̀ nínú wọn nìkan ni ìyá mọ̀, kò rí ojú wọn rí.

"Ìwọ lo máa ń kọrin lórí àtẹ̀gùn?"

"Èmi ni, mà."

"Mo ti rò pé o sanra ni."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ìyá ní tiẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ó ń wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé etí òkun.

Alẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí dókítà máa padà, wọn ò jẹ́ kí ìyá fọwọ́ kan abọ́. Dókítà ká ọwọ́ aṣọ rẹ̀ sókè, òun àti ọmọ tó kéré jù nínú ẹgbẹ́ jọ ń fọ àwo nínú bàsíà kan náà. Ìyá Alásè jókòó sórí àpótí, ó ń wo ọwọ́ àgbà àti ọwọ́ ọmọdé nínú ọṣẹ, kò lè mójú kúrò.