Àkàrà Aláìwú Tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Jẹ

Ní gbogbo ìlú Kíẹ̀fù, ilé kan ṣoṣo ni wọ́n ti ń ka Brayna sí ènìyàn. Opó ni, aránṣọ ni, Júù sì ni. Ilé náà ni ti Ọ̀jọ̀gbọ́n Valerian Nikanorovich, tó ń kọ ìwé ńláńlá nípa ẹ̀rí ọkàn àwọn ará Rọ́ṣíà. Òun nìkan ló máa ń fi orúkọ bàbá Brayna kún tirẹ̀ bó bá ń pè é, bí wọ́n ti ń pe àwọn ìyàwó olówó. Lọ́dọọdún, bí Ìrékọjá bá kù sí dẹ̀dẹ̀, Brayna á gbé àkàrà aláìwú lọ fún un, ọ̀jọ̀gbọ́n á sì fi mu tíì.

Lọ́dún yìí, wọ́n rí òkú ọmọdé kan lẹ́yìn ìlú. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ariwo ti ta: àwọn Júù ló pa á, wọ́n fẹ́ fi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ po ìyẹ̀fun àkàrà Ìrékọjá wọn. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ó dáa. Irọ́ yìí ti lọ fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún, òtítọ́ kò tíì bá a.

"Ṣé o ṣì ń lọ?" Zisl aládùúgbò rẹ̀ bi í níbi ààrò.

"Kí ló dé tí mi ò ní lọ? Ọ̀jọ̀gbọ́n kì í ṣe ọmọ ìta."

"Hẹn-ẹn, ọ̀rẹ́ ọ̀mọ̀wé! Yan èyí tí kò jó fún un o, kó má baà ba irùngbọ̀n rẹ̀ jẹ́."

Brayna rẹ́rìn-ín, ó sì lọ; ó ní aṣọ ọ̀jọ̀gbọ́n tí yóò rán níbẹ̀ pẹ̀lú.

Ọ̀jọ̀gbọ́n gba àkàrà náà, ó gbé e sójú fèrèsé, ó ń yẹ ibi tó pọ́n lára rẹ̀ wò.

"Iná ló jó o, ọ̀gá."

"Mo mọ̀, mo mọ̀. Brayna Itskovna, mo ti fọwọ́ sí ìwé pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ lu àwọn Júù. Ẹ fọkàn balẹ̀." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ la jẹ́, ẹ sọ òótọ́ fún mi. Ó lè má jẹ́ gbogbo yín. Àwọn kan ńkọ́, bí ẹgbẹ́ awo báyìí?"

"Ọ̀gá, bí a bá fọ́ ẹyin, tá a rí ẹ̀jẹ̀ bí orí abẹ́rẹ́ nínú ẹ̀, ṣe la máa ń dà á nù. Iyọ̀ la fi ń fa ẹ̀jẹ̀ kúrò lára ẹran kó tó wọ ìkòkò."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ̀yin mẹ̀kúnnù, wọn ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀."

Ó yẹ kó dun Brayna. Kò dùn ún. Ara rẹ̀ kàn kú, bí ẹsẹ̀ téèyàn jókòó lé. Gbogbo ìwé tí ọ̀jọ̀gbọ́n kà kò gba ìtàn ẹ̀jẹ̀ tí àwọn ìyá arúgbó ń sọ kiri yìí lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ dídùn tí yóò fi sọ ọ́ ni wọ́n fún un.

Ọ̀jọ̀gbọ́n wá bu àkàrà náà. Ó fọwọ́ ṣe àmì àgbélébùú, ó dijú, ó gbé e mì bí ẹni gbé oògùn kíkorò mì. Nígbà tó lajú, omi ti lé sí i lójú. Inú rẹ̀ dùn sí ara rẹ̀ gan-an.

"Ẹ wò ó," ó ní, "mo jẹ ẹ́!"

Ó ń wo Brayna, ó ń retí.

"Ẹ ṣeun, ọ̀gá," ni Brayna wí, ó sì fa aṣọ tó ń rán sọ́dọ̀.