Ẹ́ńjìnnì Tí Ọkọ Mi Yàn

Ayé náírà kò tíì dé nígbà tí ọkọ mi sọ pé àjẹ̀ wíwà ti sú òun. Etí odò nísàlẹ̀ Ìrẹ̀lẹ̀ là ń gbé, òun àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ni wọ́n jọ ń pẹja. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la jọ lọ sí Okitipupa lọ ra ẹ́ńjìnnì ọkọ̀.

Ńlá kan wà níbẹ̀, tuntun, ọ̀dà rẹ̀ ń dán. Ojú àbúrò ọkọ mi kò kúrò lára rẹ̀.

"Bọ̀ọ̀dá, èyí ni ká rà. Yóò sáré."

Ọkọ mi ní, "Bó bá dákẹ́ lójú omi, ta ni yóò tún un ṣe fún wa?"

Kékeré kan tí wọ́n ti lò díẹ̀ ló tọ́ka sí, nítorí ọkùnrin ẹ̀yà Ìjọ kan wà ní Ìrẹ̀lẹ̀ tó mọ irú rẹ̀ tú, tó mọ̀ ọ́n tò. Ó ní kí wọ́n gbé e kọ́ etí àgbá omi, kí wọ́n tan án. Ó kúnlẹ̀ tì í, ó tẹ́ ọwọ́ sí ibi tí omi ti ń tú jáde lára rẹ̀. Ó ní bó bá ti ń tu omi báyìí, ooru ò ní pa á.

Ó tọ́jú rẹ̀ gan-an. Ó gé ìró mi kan tó ti gbó, òun ló fi ń sẹ́ bẹntiróòlù. Fúnra rẹ̀ ló ń po ọ́ìlì mọ́ ọn. Kò jẹ́ kí àbúrò rẹ̀ fi ojú wọ̀n ọ́n. Bí wọ́n bá ti apá omi iyọ̀ dé, kò ní jẹun títí yóò fi fi omi odò ṣan iyọ̀ kúrò nínú rẹ̀, tí yóò tú púlọ́ọ̀gì, tí yóò nù ún. Inú máa ń bí mi nígbà mìíràn pé ọbẹ̀ ti tutù.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan lásìkò òjò, inú bẹ̀rẹ̀ sí í run ún. Kí n tó mọ̀, ikùn rẹ̀ ti le bíi pákó. A tẹ́ ẹní sínú ọkọ̀, mo gbé orí rẹ̀ lé itan mi. Àbúrò rẹ̀ fa okùn lẹ́ẹ̀kan péré, ẹ́ńjìnnì dáhùn. Ọkọ mi, tí kò ti lè sọ̀rọ̀ láti àárọ̀, la ojú, ó ní,

"Ṣé ó ń tu omi?"

"Ó ń tu omi, Bọ̀ọ̀dá. Ẹ sinmi."

"Má fún un níná jù."

Ẹ́ńjìnnì náà kò kọṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan títí a fi gúnlẹ̀ ní Okitipupa. Àwọn dókítà gbà á lọ́wọ́ wa kíá, wọ́n sa gbogbo ipá wọn. Oòrùn kò tíì wọ̀ tó fi kú.

Ọkọ̀ yẹn náà la fi gbé e wálé. Lẹ́yìn ìsìnkú, mo bá àbúrò rẹ̀ létí odò, ó ń sunkún.

"Ìyàwó wa, ká ní ẹ́ńjìnnì yẹn kọṣẹ́ lójú omi ni, ǹ bá rí nǹkan bínú sí. Kò ṣe wá ní nǹkan kan."

Mo jókòó tì í.

Mo kó àwọn ọmọ lọ sọ́dọ̀ ìyá mi ní Òde-Ayé, mo ń ṣe epo pupa tà. Àbúrò ọkọ mi ń bá ẹja pípa lọ. Ó máa ń wá kí wa, yóò jẹun, yóò bá àwọn ọmọ ṣeré, yóò ní òun ń lọ. Ó pẹ́ gan-an kí n tó tún lè wọ ọkọ̀ ojú omi.