Rúbì Ọwọ́ Màmá Mi

Àlàájà gbé òrùka màmá mi sójú lẹ́ẹ̀kẹta, mímí wọn sì dákẹ́. Ẹ̀gbẹ́ wọn ni mo jókòó sí, mo sì ti ń gbọ́ èémí wọn tó ń dún fín-ín-fín bíi kẹ́tùlù omi tó fẹ́ hó. Awò kékeré dúdú tí wọ́n fi ń wo òkúta há sójú ọ̀tún wọn. Òórùn tùràrí gba inú pálọ̀ náà. Bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí Camberwell kọjá nísàlẹ̀, gíláàsì fèrèsé sì gbọ̀n.

Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà náà. Òkè ilé wa gan-an ni Àlàájà ń gbé, nínú ilé kánsù, ilé ìjọba ìbílẹ̀, kan ní Peckham nílùú Ọba, wọ́n sì ń ta góòlù àti òkúta fún àwọn obìnrin mọ́ṣáláṣí. Wọn kò ní ṣọ́ọ̀bù. Tábìlì kan ni, lẹ́bàá fèrèsé, tí wọ́n tẹ́ aṣọ funfun lé. Wọn kì í ta òkúta pupa lábẹ́ iná mànàmáná láéláé. Nígbà òtútù, bí aago mẹ́ta bá ti lù, wọ́n á ká aṣọ náà. “Gílóòbù máa ń pọ́n òkúta lé. Ẹ padà wá lọ́la.”

Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ iye tí wọ́n ń ta rúbì, mo sì rò pé wọ́n ṣì í sọ ni. Ẹyọ kan tó kéré ju ẹ̀wà lọ wọ́n ju mẹ́ta tó tóbi lọ. Wọ́n ní àwọ̀ là ń kọ́kọ́ rà: pupa tó tàn, tí kò dúdú bí ẹ̀jẹ̀ gbígbẹ, tí kò sì ṣì. Wọ́n ní èyí tí wọ́n ti fi iná sè kó lè pupa sí i kò lè wọ́n tó èyí tí ilẹ̀ bí bẹ́ẹ̀. Bí ọ̀kan bá sì tóbi tó èkejì lọ́nà méjì, owó rẹ̀ lè di ìlọ́po márùn-ún, nítorí èyí tó tóbi tó tún dára ṣọ̀wọ́n. Mo mọ ìṣirò dáadáa nílé-ìwé, ṣùgbọ́n irú ìṣirò yìí kò sí nínú ìwé wa.

Lọ́jọ́ Sátidé yẹn, màmá mi kò wá rajà. Wọ́n ti tẹlifóònù láti Ìjẹ̀bú pé ìyá wọn dùbúlẹ̀, kò jẹun mọ́. Òrùka rúbì tí bàbá mi tó ti kú fi san sàdáàkì ìgbéyàwó wọn nìkan ló lè ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù.

“Ẹ sọ iye tí ẹ máa rà á, Àlàájà,” ni màmá mi wí. “Mi ò ní ná an. Ọjọ́bọ̀ ni mo fẹ́ lọ.”

Àlàájà yọ awò náà. “Ìyàwó, èyí kì í ṣe rúbì inú ilẹ̀. Ẹ̀rọ ló ṣe é. Wò ó.”

Màmá mi fi awò náà wò ó, wọ́n sì gbé méjèèjì fún mi. Àwọn ìlà tín-ín-rín wà nínú òkúta náà, wọ́n tẹ̀ kọrọdọ bí ìlà ara àwo rẹ́kọ́ọ̀dù.

“Ìlà ohun tí ilẹ̀ bá ṣe máa ń tọ́,” ni Àlàájà wí. “Èyí tó bá tẹ̀ báyìí, ayédèrú ni.”

Màmá mi rẹ́rìn-ín. “Ẹ má bá mi ṣeré, jàre. Ta ló máa ta irú ẹ̀ fún bàbá ọmọ mi?”

“Èmi ni.”

Ẹ̀rín náà kú sí màmá mi lẹ́nu.

“Èmi ni mo tà á. Alẹ́ ni, lábẹ́ gílóòbù. Mi ò tíì mọ òkúta nígbà yẹn. Ìgbà tí mo ra awò ni mo tó mọ̀. Mo wá gbogbo àwọn tó kù rí, mo dá owó wọn padà. Ó wá ku ìwọ. Ọkọ ẹ sì ti kú, mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́ fún opó.”

“Láti ìgbà wo lẹ ti mọ̀?”

“Ọdún mẹ́rin.”

“Ọdún mẹ́rin, Àlàájà! Ọwọ́ tó wọ òrùka yìí ni mo fi ń gbé ẹran iléyá wá fún yín!”

Àlàájà di tábìlì mú, wọ́n sì kúnlẹ̀. Wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún; màmá mi kò tíì pé ogójì. N kò rí i rí kí àgbàlagbà kúnlẹ̀ fún ẹni tó lè bí. Màmá mi figbe ta: “Ẹ dìde! Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ fẹ́ kí ayé mi bàjẹ́ ni?” Wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì fa Àlàájà dìde.

Nígbà tí wọ́n jókòó, Àlàájà da òkúta márùn-ún sórí aṣọ funfun náà. “Mú ọ̀kan dípò tìẹ. Èmi náà ni màá rà á lọ́wọ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ayédèrú wà nínú wọn.”

“Ẹ kúkú fún mi ní èyí tó dáa.”

“Rárá. O gbà mí gbọ́ nígbà kan, wo ibi tó gbé ẹ dé. Má gbà mí gbọ́ mọ́. Fojú ara ẹ wò ó.”

“Mummy, that big one!” ni mo kígbe. “Èyí tó ń shine yẹn!”

Màmá mi há awò náà sójú, wọ́n sì gbé e wò. “Ó mọ́ jù. Kò sí àbùkù kankan nínú ẹ̀ bíi ti inú ilẹ̀.” Wọ́n tì í sẹ́yìn. Ọ̀kan dúdú jù, méjì ṣì. Èyí tó kéré jù ni wọ́n wò pẹ́ jù lọ.

“Èyí ni. Ó ní àbùkù díẹ̀, bíi fọ́nrán òwú, ṣùgbọ́n ó tọ́. Bí mo ṣe yí i tó, kò sí ibi tí pupa ẹ̀ kú sí.”

“Olè!” ni Àlàájà fi dápàárá, omi sì ń bọ́ lójú wọn. “Èyí tó wọ́n jù pátápátá lo mú.”

Màmá mi wọ bàálù lọ́jọ́bọ̀. Wọ́n bá ìyá wọn láàyè, wọ́n sì fi ṣíbí fún un ní ẹ̀kọ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án.

Àlàájà ti kú tipẹ́. N kò ra rúbì rí, n kò sì rò pé màá rà á. Nígbà tí mo wà ní kékeré, ìkúnlẹ̀ yẹn ló máa ń bà mí lẹ́rù. Ní báyìí tí èmi náà ti ń dàgbà, ọdún mẹ́rin yẹn ló ń bà mí lẹ́rù jù: ènìyàn rere tó ń kí wa lójoojúmọ́ lórí àtẹ̀gùn, tó ń béèrè iṣẹ́ ilé-ìwé mi, tí ọ̀rọ̀ yẹn sì há sí lọ́fun. Nítorí náà, bí mo bá ṣẹ ènìyàn, mo máa ń ka iye ọjọ́ tí mo fi dákẹ́ kí n tó jẹ́wọ́. Èyí tó tíì pẹ́ jù ni ọjọ́ mọ́kànlá, ojú rẹ̀ sì ń tì mí títí dòní.