Òkúta tí Ìyá fi ń ka Ìlẹ̀kẹ̀

"Mọ́kàndínlọ́gọ́rin!" Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé tí Alfa ń kà á. Ó ń fi àtàǹpàkò ti ìlẹ̀kẹ̀ dígí náà lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, gbogbo agboolé sì ń gbọ́. "Ìyá, ẹ gbọ́ ná. Ìlẹ̀kẹ̀ mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún ló ń wà lára tẹ̀súbáà. Ọ̀la làwọn ọmọ fẹ́ fi ṣe wólímọ̀. Ogún ló dín!" Àwọn tó ń fọṣọ nídìí kànga dáwọ́ dúró. Èmi wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, aṣọ iléèwé ṣì wà lọ́rùn mi.

Ìyá yìí kì í ṣe ẹbí wa. Yàrá rẹ̀ ló kángun sí tiwa ní Bẹ́yẹrúnkà, tẹ̀súbáà sínsín ló sì fi tọ́ àwọn ọmọ rẹ̀. Tí mo bá ti iléèwé dé, òórùn káfúrà àti àdí àgbọn tó fi ń pa ìlẹ̀kẹ̀ lára á ti gba ọ̀dẹ̀dẹ̀. Màá máa gbọ́ ṣààràrà bó ṣe ń da ìlẹ̀kẹ̀ sínú àwo òṣùwọ̀n. Kì í kà wọ́n. "Ta ló fẹ́ jókòó máa ka ìlẹ̀kẹ̀ títí ojú á fi pọ́n?" Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló ka oríṣi kọ̀ọ̀kan pé mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún, ó wá òkúta tó bá a dọ́gba, ó fi àkísà wé e. Láti ìgbà náà, tí àwo méjèèjì bá ti dọ́gba, iye rẹ̀ ti pé nìyẹn. Ìlẹ̀kẹ̀ onígi ní òkúta tirẹ̀, onídígí ní tirẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni olùkọ́ kẹ́mísírì wa bẹ̀rẹ̀ móòlù, ìyẹn bí wọ́n ṣe ń fi ìwọ̀n mọ iye ẹ̀rún tó wà nínú nǹkan. Ó ní kábọ́ọ̀nù gíráàmù méjìlá àti òjé gíráàmù igba ó lé méje, iye ẹ̀rún tó wà nínú wọn dọ́gba. Lójú tèmi, irọ́ ńlá! Mo kàn há a sórí ni. Ọ̀sán ọjọ́ kan, Ìyá ń lọ ra òwú l'Ọ́jà'ba, ó ní kí n bá òun wọn ìlẹ̀kẹ̀ dígí sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, fún tẹ̀súbáà kọ̀ọ̀kan. "Òkúta onídígí o, ìwọ ọmọ yìí." Òkúta onígi ló sún mọ́ mi. Mo ní ṣebí òkúta lòkúta ń jẹ́. Agídí lásán-làsàn! Nígbà tí Ìyá dé, tó ń sín èkejì lọ́wọ́, ó gbé e sókè wò.

"Ṣé o wọ̀n ọ́n dáadáa?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá."

Ó gbà mí gbọ́, ó ń sín in lọ.

Ìyẹn ni Alfa wá kà lójú ayé. Ó mi orí. "Ojú yín ti lọ, Ìyá. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọdé máa ṣe é." Ìyá yíjú, ó wò mí. Ó ti mọ̀, èmi náà sì mọ̀ pé ó ti mọ̀. Gbólóhùn kan péré ló yẹ kí n sọ, n kò sọ ọ́.

"Ẹ má bínú, Alfa," ni Ìyá wí. "Ọjọ́ orí ni."

Ilẹ̀ ì bá lanu, ǹ bá wọlé sí i.

Nígbà tí Alfa lọ tán, Ìyá kò bú mi. Ó fi òkúta méjèèjì sí mi lọ́wọ́. "Mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún lèyí, mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún nìyẹn. Èwo ló wúwo?"

"Ti dígí ni, Ìyá."

"Ṣé iye wọn wá yàtọ̀ ni?"

Ojú mi là wàì. Ẹ̀rún òjé kan wúwo ju ẹ̀rún kábọ́ọ̀nù kan lọ, ìdí nìyẹn tí iye kan náà fi ń wúwo jura lọ! Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo ṣàlàyé rẹ̀ ní kíláàsì, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Olùkọ́ bi mí pé ta ló kọ́ mi. Mo ní mo rò ó fúnra mi ni. Ẹ ò rí ayé mi lóde?

Ọ̀rọ̀ tàn láti Bẹ́yẹrúnkà dé Bẹẹrẹ pé ojú Ìyá ti ń fọ́. Àwọn alfa yòókù kò gbé iṣẹ́ wá mọ́. Kí ọdún yẹn tó parí, ó ti di ẹni tó kàn ń jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí kò rí nǹkan kan fọwọ́ ṣe. "Ọmọ mi" ló ń pè mí títí ó fi kú.

Olùkọ́ kẹ́mísírì lèmi náà báyìí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ní kò sí ẹni tó ń ṣàlàyé móòlù bíi tèmi. Tí wọ́n bá ti sọ bẹ́ẹ̀, ojú á tún tì mí. Alfa yẹn ṣì wà láyé, ilé rẹ̀ kò jìnnà sí Mápó. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti lọ síbẹ̀ láti sọ fún un pé ojú Ìyá kò ṣe nǹkan kan, pé èmi ni. Ẹ̀ẹ̀mejèèjì ló ṣàdúrà fún mi, tó ní ọmọ dáadáa tí kì í gbàgbé àgbà ni mí. Mo ní àmín, mo sì padà sílé láìsọ ọ́.